Ẹ Má Dúró Lórí Ìlà Pupa: Ìwé Ìlàlóye fún Awakọ̀, Oníṣòwò àti Olùjọsìn ní Peckham àti Old Kent Road

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, tí ẹ ń tajà, tàbí tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá lójú Peckham High Street, Queen's Road àti Old Kent Road. Kì í ṣe káńsù Southwark ló ń darí títì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Transport for London, tí gbogbo èèyàn ń pè ní TfL, ló ń mójú tó wọn, òfin ibẹ̀ sì le ju ti àwọn òpópónà kéékèèké tó yà lára wọn lọ. Ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì ìtanràn níbẹ̀ lè má páàkì rárá. Ó lè jẹ́ pé ó kàn dúró kí ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ohun tí ìlà pupa fi le ju ìlà yẹ́lò lọ

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìlà yẹ́lò bẹ̀rẹ̀, torí òun la mọ̀ jù. Níbi tí ìlà yẹ́lò méjì bá wà, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ lè dúró kí èrò wọlé tàbí kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ tún lè já ẹrù, àyàfi bí wọ́n bá fi ọ̀dà yẹ́lò sàmì kéékèèké sí etí títì láti fi hàn pé kò sáyè fún ẹrù. Ẹni tó ní Blue Badge, ìyẹn káàdì páàkì fún àwọn abirùn, lè páàkì lórí ìlà yẹ́lò fún wákàtí mẹ́ta, bí irú àmì bẹ́ẹ̀ kò bá sí níbẹ̀.

Ẹ kó gbogbo àyè wọ̀nyẹn kúrò, ohun tó kù ni ìlà pupa. Níbi tí ìlà pupa méjì bá wà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró tọ̀sán-tòru, ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀, títí kan ọjọ́ ìsinmi ìjọba àti ọjọ́ Kérésìmesì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ti dúró. Bí awakọ̀ ò bá kúrò nídìí sítíárìn, ó ti dúró. Iná tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ọkọ̀ kò dá ẹnikẹ́ni láre. Kámẹ́rà tiẹ̀ máa ń rí i kedere. Kò sí ìṣẹ́jú kankan tí òfin fi jin èèyàn lórí ìlà yìí, bó ṣe wù kí ohun tí ẹ fẹ́ gbà ní ṣọ́ọ̀bù kéré tó.

Ìlà pupa kan ṣoṣo ní àkókò tirẹ̀, pátákó tó wà nítòsí ló sì ń sọ ọ́. Ó wọ́pọ̀ kó jẹ́ láti aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Sátidé. Ẹ ka pátákó ibi tí ẹ wà gan-an. Ti ìkángun títì kejì lè yàtọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi kun ìlà pupa

Oṣù Kìíní ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ dán títì pupa, ìyẹn títì tó ní ìlà pupa, wò ní Lọ́ńdọ̀nù, ní apá àríwá àti ìlà-oòrùn ìlú náà, nítorí bọ́ọ̀sì kì í lè rìn. Wọ́n rí i pé ó ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síwájú. Lónìí, àwọn títì yìí kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 gbogbo òpópónà ìlú náà lọ, síbẹ̀ orí wọn ni nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ọkọ̀ ń gbà kọjá.

Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá dúró ní Peckham High Street ní aago mẹ́jọ àárọ̀, eegun ẹja ló há sí ìlú lọ́fun yẹn. Bọ́ọ̀sì 12 yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, 36 yóò dúró lẹ́yìn 12, àwọn nọ́ọ̀sì àti atúnléṣe tó ń lọ síbi iṣẹ́ yóò sì pẹ́. Ara wa ló pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Nítorí náà, bí a bá ń ráhùn pé ìjọba kàn fẹ́ gbowó ni, ká rántí pé àwa náà là ń jàǹfààní rẹ̀ lójoojúmọ́ tí a kò bá wakọ̀.

Àwọn tí òfin fún láyè

Àwọn tí òfin fún láyè kéré níye. Black cab tó ní ìwé àṣẹ lè dúró kí èrò wọlé tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé ẹni tó ní Blue Badge lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, bí káàdì náà bá hàn lójú gíláàsì iwájú, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ni ín gan-an ni ẹ ń gbé tàbí tí ẹ wá gbé. Ẹ gbé bàbá sọ̀, ẹ rí i pé ẹsẹ̀ wọn délẹ̀ dáadáa, kí ẹ kúrò. Ẹ kò lè ti ọkọ̀ níbẹ̀ kí ẹ bá wọn wọlé, káàdì tí ẹ gbé síwájú kò sì sọ ìlà pupa di ìlà yẹ́lò.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lójijì ní àwíjàre, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí: rìsíìtì ẹni tó wá wọ́ ọkọ̀, tàbí ìwé mẹkáníìkì tí ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀. Ẹ má retí pé wọn yóò gbà yín gbọ́ lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ara yín kó èrò tó pè yín lórí fóònù, ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Àyè tí òfin fún black cab kò kan yín. Bí èrò bá ní kí ẹ wá gbé òun níwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ìlà pupa méjì, ẹ ní kó rìn wá sí òpópónà tó yà. Inú lè bí i. Ẹ jẹ́ kó bí i; òun kọ́ ni yóò san owó náà.

Àpótí funfun, àpótí pupa, àti ẹrù ọjà

Ní àwọn ibì kan, wọ́n fa àpótí sí ẹ̀gbẹ́ títì láàárín ìlà pupa. Àpótí funfun wà fún lílò ní gbogbo ọ̀sán. Àpótí pupa kò ṣeé lò lásìkò tí ọkọ̀ ń pọ̀. Ó wọ́pọ̀ kó jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò gbà yín láyè. Pátákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tó lè lò ó àti iye ìṣẹ́jú. Lọ́pọ̀ ìgbà, 20 ìṣẹ́jú ni fún jíjá ẹrù, wákàtí mẹ́ta sì ni fún ẹni tó ní Blue Badge.

Kí lẹrù? Àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì epo, páálí iṣu tí ẹ ń kó wọ ṣọ́ọ̀bù láìdúró, ẹrù nìyẹn. Kéèyàn wọlé lọ ná ata, kó bá ìyá aláta gbàdúrà, kó tó jáde pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́, rírajà nìyẹn, àpótí ẹrù kò sì wà fún un. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ bá ẹni tó ń kó ọjà wá fún yín sọ ọ́ kó tó gbéra, kó mọ aago tí àpótí yóò ṣí. Ẹ tọ́jú ìwé ẹrù tí aago wà lórí rẹ̀, torí òun ni ẹ̀rí yín bí wọ́n bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.

Gbígbé táyà ọkọ̀ sórí ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kì í ṣe ọgbọ́n àbáyọ. Láti ọdún 1974 ni òfin Lọ́ńdọ̀nù ti kà á léèwọ̀, yálà ìlà wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ọjọ́ Ìsinmi

Ìwádìí Yunifásítì Roehampton tó jáde ní ọdún 2013 ka ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, Old Kent Road sì wà lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù. Ẹ fojú inú wo iye ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sunday. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìlà pupa kan ṣoṣo lè ti ṣíwọ́ láti alẹ́ Sátidé, àwọn èèyàn á sì páàkì síbẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹni tó pẹ́ dé á rí ọkọ̀ wọn, á tò tẹ̀lé wọn, kò sì ní wòlẹ̀ pé níbi tí òun dé yìí, ìlà ti di méjì. Ìlà kan ń ṣíwọ́, ìlà méjì kì í ṣíwọ́.

Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé àwọn ìyá àgbà kò ní àyè ọ̀tọ̀, bí kò bá ṣe pé ẹni tó ní Blue Badge wà nínú rẹ̀. Ó dára kí àwọn aṣíwájú ìjọ yan ibì kan ní òpópónà ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ yóò máa dúró sí, kí wọ́n sì yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa di àwọn àgbà lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà. Ìkéde lórí pẹpẹ nìkan kò tó, torí àwọn tó ń dúró sórí ìlà kì í tíì wọlé nígbà tí wọ́n bá ń kéde.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá dé

Láti ọdún 2015 ni ìjọba ti dín fífi kámẹ́rà mú ẹni tó páàkì kù gan-an nílẹ̀ England, àmọ́ wọn ò yọ ọ́ kúrò lórí títì pupa. Nítorí náà, ẹ lè dúró, kẹ́ ẹ má rí ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ má rí alámòójútó kankan, kí lẹ́tà sì dé lẹ́yìn náà pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀ yín.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀, ìyẹn V5C, ni lẹ́tà náà ń lọ bá, òun náà sì ni wọ́n máa ń bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó jẹ́ pé àbúrò tàbí ọkọ ló wà á lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń yá ẹbí ní ọkọ̀, ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ohun tó burú jùyẹn lọ ni kéèyàn kó kúrò nílé láìsọ fún DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà yóò máa lọ sílé àtijọ́, gbèsè yóò máa ga sí i, ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì ní mọ̀ títí ẹjọ́ yóò fi dé kóòtù. Ọ̀fẹ́ ni yíyí àdírẹ́sì padà lórí V5C. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé, ẹ ṣe é lónìí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022 ni TfL gbé owó ìtanràn títì pupa láti £130 sí £160. Ẹ wo iye tó wà lórí lẹ́tà tiyín, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìdajì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè san, ọjọ́ tí ìyẹn parí sì wà nínú lẹ́tà. Bí ẹ bá san án, ẹjọ́ ti parí, ẹ kò tún lè jiyàn mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ jiyàn, ẹ má san án. Ẹ kọ̀wé láàárín àkókò tí lẹ́tà náà fún yín, kí ẹ fi ẹ̀rí sí i. Bí TfL bá kọ̀, wọn yóò sọ bí ẹ ṣe lè gbé e lọ sí London Tribunals, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Adájọ́ ibẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ TfL, wọn kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹjọ́ wá.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni ká ju lẹ́tà sínú àpótí tábìlì. Bí àkókò bá kọjá, wọn yóò fi ìdajì lé owó náà, £160 á di £240. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò forúkọ gbèsè sílẹ̀ ní kóòtù, àwọn bailiff, ìyẹn agbowó-gbèsè, á sì wá pẹ̀lú owó tiwọn lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí òfin padà

Apá yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. Ìlà kì í ṣàdédé yọ lórí títì. TfL gbọ́dọ̀ kọ àṣẹ lábẹ́ òfin ìrìnnà ọdún 1984, kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú London Gazette àti ìwé ìròyìn àdúgbò, kí wọ́n sì fún aráàlú ní ọjọ́ 21 ó kéré tán láti kọ àtakò. Wọ́n sábà máa ń so ìwé ìkéde mọ́ òpó iná lójú títì náà. Ìwé funfun tí ọ̀rá bò, tí a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òun nìyẹn.

Irú àṣẹ kejì wà tó ń tan èèyàn jẹ: àṣẹ ìdánwò. Òun máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu aráàlú, ó sì lè pẹ́ tó oṣù 18. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àkókò àtakò. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa rí ná." Ẹ wò ó lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Nígbà tí wọ́n bá fi sọ àṣẹ náà di òfin gidi, ilé-ẹjọ́ gíga ló kù, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ìyẹn sì ń náni lówó.

Òpópónà ẹ̀gbẹ́ àti Rye Lane wà lọ́wọ́ káńsù Southwark, kì í ṣe TfL. Lẹ́tà tó bá lọ sí ọ́fíìsì tí kò tọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò.

Àtakò kì í ṣe ìbò. Ọgọ́rùn-ún èèyàn tó fọwọ́ sí "a ò fẹ́" lè má wúwo tó lẹ́tà kan tó sọ ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ dárúkọ títì náà, ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ibẹ̀. Ẹ sọ aago tí ọkọ̀ ọjà ń dé àti bó ṣe ń pẹ́ tó. Bí ẹ bá ní ìyá tó ń lọ fọ kíndìnrín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ sọ ibi tí ọkọ̀ tó ń gbé wọn ń dúró sí. Lẹ́yìn náà, ẹ dábàá ohun tí ẹ fẹ́: kí wọ́n sún àpótí funfun síwájú díẹ̀, kí wọ́n fi wákàtí kan kún ti àpótí pupa, kí ìlà méjì di ẹyọ kan níbi tí bọ́ọ̀sì kì í yà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán kò ba lẹ́tà jẹ́. Ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì lè bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé ìkéde náà sókè lẹ́tà, ẹ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.