Bí Kọ̀ǹpútà Linux Ṣe Ń Gba Èdè Ṣáínà Lálejò

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé tí a fi èdè Ṣáínà kọ lórí kọ̀ǹpútà Linux tí a kò tíì pèsè sílẹ̀ dè é, àpótí òfìfo kéékèèké ni yóò bá níbẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ilé tí àwọn onílé ti fi sílẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò ní ìwé náà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ìwé. Ètò Unicode ti fún àmì-ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, àwọn tí Ṣáínà, Japan àti Kòríà jọ ń lò sì ti pé 20,902 nínú rẹ̀ ní ọdún 1992. Kọ̀ǹpútà rí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n fọ́ǹtì tí yóò fi ya àwòrán rẹ̀ fún wa ni kò ní.

Fọ́ǹtì Noto CJK, tí Google àti Adobe jọ ṣe, tí wọ́n sì gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2014, a máa wo àrùn yìí sàn. Síbẹ̀, kí a fi èdè Ṣáínà ṣáájú nínú ètò kọ̀ǹpútà, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àmì bíi 直 ní, ọ̀nà tí ará Ṣáínà ń gbà kọ ọ́ kì í sì í ṣe ti ará Japan.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: fọ́ǹtì ń jẹ́ kí a kà, kò lè bá wa kọ. Ta ni yóò ṣe bọ́tìnì ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Nítorí náà ni a ṣe ń lo Fcitx tàbí IBus, tí í gba lẹ́tà tí a tẹ̀, tí í sì í to àwọn àmì tó bá a mu síwájú wa kí a yan èyí tó wù wá. Bí a bá fi pinyin, ìlànà fífi lẹ́tà Látìnì kọ ìró èdè Ṣáínà, tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí ní ọdún 1958, tẹ ma, 妈 tí í ṣe ìyá, 马 tí í ṣe ẹṣin, àti 骂 tí í ṣe èébú, yóò jáde papọ̀, nítorí ohùn ni ó yà wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ohùn ti ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lẹ́nu tiwa. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: àwọn ará Taiwan ń lo zhuyin, tí òun náà ń tẹ̀ lé ìró, àwọn mìíràn sì ń lo Wubi tàbí Cangjie, tí í tú àmì sí wẹ́wẹ́ bí ojú ti rí i, láìbéèrè bí ẹnu ti ń pè é.

Ẹni tó ń lo Debian tàbí Ubuntu, tí í ṣe ẹ̀yà Linux, yóò kọ èyí sínú tẹ́mínà:

sudo apt install fonts-noto-cjk fcitx5 fcitx5-chinese-addons
im-config -n fcitx5

Lẹ́yìn èyí, kí ó jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, kí ó tún wọlé, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Kí ó fi Pinyin kún ètò Fcitx, kí ó sì máa fi Ctrl pẹ̀lú bọ́tìnì àlàfo pààrọ̀ èdè.

Àwa tí a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń pàdánù nígbà tí ẹ̀rọ bá já àmì ohùn orí rẹ̀ dànù, kò yẹ kí iṣẹ́ yìí jọ ọ̀rọ̀ ará òkèèrè létí wa: ẹ̀rọ ni ó yẹ kó tẹrí ba fún èdè, kì í ṣe èdè fún ẹ̀rọ.