Wọ́n jápa, ọ́fíìsì bá wọn lọ

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké nílùú Èkó lónìí, inú fóònù ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Ẹni yẹn ni wọ́n ń pè ní admin. Òun ló ń ra bébà, òun ló ń pe ẹni tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá, òun náà ló mọ páswọ́ọ̀dù gbogbo nǹkan. Ọ̀gá á fi voice note ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: "Bá mi sanwó yẹn." Ó parí! Kò síwèé, kò sí fáìlì.

Admin iléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí gba físà, ó jápa lọ sí Kánádà. Kò ṣe ohun tó burú o. Ó kọ lẹ́tà, ó fún wọn lóṣù kan gbáko. Àmọ́ bó ṣe pa láìnì ẹ̀ tì báyìí, ojú ọ́fíìsì fọ́. Oní-dísẹ́ẹ̀lì dé, ó ní òun gbé ọjà wá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá wọ́n ti san án. Èyí tó dùn mí jù ni ti awakọ̀ wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù ẹ̀, ó wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ẹ̀, oṣù mẹ́rin ò sí níbẹ̀. Ta ló yẹ kó fi ránṣẹ́? Kálukú ń wojú ẹnì kejì.

Bẹ́ẹ̀ òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàdììtú. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ á dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, iléeṣẹ́ á fi ìdá 10 tiẹ̀ kún un, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti sanwó oṣù. Ẹni tó ń ka ọjọ́ 7 yẹn ni ẹni tẹ́ ẹ̀ ń rán lọ ra búrẹ́dì.

Àwa ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi fáìlì àwọn bàbá wa ní Sẹkitéríàtì Ìbàdàn ṣẹ̀fẹ̀. Lóòótọ́, fáìlì yẹn lè sùn lórí tábìlì títí tí eruku á fi bò ó. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ fọwọ́ sí i, ó sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tó gbapò lónìí á ka ohun tí ẹni àná fẹnu kò lé lórí.

Mi ò ní kẹ́ ẹ padà sí bébà. Google Sheet kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́, tí kì í ṣe ti Gmail ẹnì kan, ti tó: ọjọ́, iye owó, ẹni tó ní ká san án, ẹni tó gbà á.

Ìwọ admin, bí voice note bá tún wọlé, fèsì pẹ̀lú ìlà méjì: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ ní kí n san ₦80,000 fún dísẹ́ẹ̀lì. Ṣé kí n san án báyìí?" Wọ́n á ní o ti ń ṣàṣejù. Má dá wọn lóhùn. Bí ọ̀gá bá fi àtàǹpàkò fèsì, kọ ọ́ sínú Sheet yẹn kó o tó sanwó.