Òkúta Kékeré Tí Kì í Jẹ́ Kí Ohùn Rédíò Sá

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí rédíò. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro, ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì bi ẹni tí ẹ jọ ń kàwé léèrè.

KÍ LÓ DÉ TÍ OHÙN FI Ń SÁ?

Ẹ ti rí i rí. Ilẹ̀ ṣú, ẹ tan rédíò. Ẹ wá ilé iṣẹ́ tó jìnnà lórí ìgbì kúkúrú, níbi tí a kọ SW sí. Ẹ rí i, ohùn já gaara. Wọ́n ń kéde òkú kan ní ìlú àna yín. Wọ́n ti dárúkọ ẹni tó kú. Kí wọ́n tó sọ ọjọ́ ìsìnkú, ohùn ti lọ, ariwo ṣààà ló kù. Ẹ yí bọ́tìnì títí ẹ fi tún rí ohùn náà, àmọ́ ìkéde ti kọjá. Ọjọ́ ìsìnkú lè kọjá bẹ́ẹ̀, kí àna máa rò pé ẹ kò kà wọ́n sí. Bátìrì tí ẹ fowó rà sì ń tán lọ.

Ilé iṣẹ́ náà kò kúrò ní àyè rẹ̀ o. Rédíò tiyín ló kúrò. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀, ká sì wo bí òkúta kékeré kan ṣe lè ràn wá lọ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà náà ń sọ iye ìgbà tí ìgbì rẹ̀ ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kílóhẹ́ẹ̀tì ni a fi ń kà á. Kílóhẹ́ẹ̀tì 1 jẹ́ ìgbà 1,000.

Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ìgbì kúkúrú ni ọ̀pọ̀ abúlé fi ń gbọ́ ìròyìn. Radio Lomé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1953, wà ní 5047 kílóhẹ́ẹ̀tì. Rédíò Kara wà ní 3222. Rédíò Parakou, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wà ní 5025. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Ìbàdàn a yí rédíò rẹ̀ lọ sí 6050.

Lónìí, FM ti wọ ọ̀pọ̀ ìlú, Lomé kò sì sí ní 5047 mọ́. Àmọ́ FM kì í rìn jìnnà, òkè a sì máa dí i. Ìgbì kúkúrú ní tirẹ̀ a máa lọ lu òkè ọ̀run, a sì padà wá sílẹ̀ ní ibi tó jìnnà réré. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè kan fi ṣì ń lò ó.

ÌGBÌ MÉJÌ NÍNÚ RÉDÍÒ KAN

Ẹ wo ìyá tó ń ta àgbàdo. Àgbàdo lè ti inú àpò wá, ó lè ti inú agbọ̀n wá. Igbá kan náà ni ìyá fi ń wọ̀n ọ́n fún gbogbo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò ń ṣe. Ilé iṣẹ́ yòówù kí ẹ wá, rédíò yóò kọ́kọ́ sọ ìgbì rẹ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò, nọ́ńbà náà ni 455 kílóhẹ́ẹ̀tì. Igbá rédíò nìyẹn.

Báwo ni 6050 ṣe ń di 455? Ìyọkúrò ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rédíò tó ń dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀sílétọ̀. Bí ẹ bá ń wá 6050, ọ̀sílétọ̀ yóò máa mì ní 6505. Rédíò pa ìgbì méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 6505 yọ 6050, ó ku 455.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Lucien Lévy, ronú irú ọ̀nà yìí ní ọdún 1917. Ní ọdún 1918, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Edwin Armstrong, tí ogun gbé dé Paris, ṣe tirẹ̀. Títí di òní, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ rédíò ń tọ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Wáyà tí a ká àti àwo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọ̀sílétọ̀ rédíò kékeré fi ń mú nọ́ńbà rẹ̀. Bí ooru bá mú wọn, wọ́n á fẹ̀ díẹ̀. Bí òtútù ọyẹ́ bá dé, wọ́n á súnkì. Bí bátìrì bá ń kú lọ, nọ́ńbà náà a tún yí padà. Bí 6505 bá di 6515, rédíò kò gbọ́ 6050 mọ́, 6060 ló ń gbọ́. Ohùn ti sá nìyẹn.

ÒKÚTA TÓ Ń MÌ

Ẹ wo ojú aago ọwọ́ yín. Lára ọ̀pọ̀ aago, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ yìí: quartz. Orúkọ òkúta kan ni. Ó ń dán bíi dígí, ó sì pọ̀ nínú yanrìn.

Ní ọdún 1880, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques Curie àti Pierre Curie, rí i pé bí a bá tẹ òkúta yìí, iná mànàmáná díẹ̀ a jáde lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé bí a bá fi iná sí i, òkúta náà a mì. Ó dà bí agogo: bí a ti gé e sí ni yóò ṣe máa dún. Èyí tó tín-ín-rín a máa mì kíákíá ju èyí tó nípọn lọ. Òkúta tó ń mì ní 5000 kílóhẹ́ẹ̀tì kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà lọ. Ooru ọ̀sán àti òtútù òru kì í sábà mú un kúrò ní àyè rẹ̀ tó kílóhẹ́ẹ̀tì kan.

Àmọ́ òkúta kan, nọ́ńbà kan ni. Kò ṣe é yí bíi bọ́tìnì. Báwo la óò ṣe wá fi gbọ́ ilé iṣẹ́ púpọ̀? A óò fi í ṣe ọ̀sílétọ̀ sí iwájú rédíò tó ní ìgbì àárín, èyí tí a kọ MW tàbí AM sí. Òkúta yóò dúró sí 5000. Bọ́tìnì ìgbì àárín ni ẹ óò máa yí. Bí ẹ bá fi bọ́tìnì sí 1050, 6050 ni ẹ ń gbọ́, nítorí 6050 yọ 5000, ó ku 1050.

OHUN TÍ Ẹ ÓÒ WÁ

Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní ọjà lè bá yín wá nǹkan wọ̀nyí. A máa ń rí púpọ̀ nínú wọn lára ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́.

1. Quartz tí a kọ 5.000 sí lára: 1.
2. Tíránsítọ̀ BC547 tàbí 2N2222: 1.
3. Rẹ̀sísítọ̀ 47,000 ohm: 2. Àwọ̀ rẹ̀ ni ìyeyè, àlùkò, àwọ̀ ọsàn.
4. Rẹ̀sísítọ̀ 2,200 ohm: 2. Àwọ̀ rẹ̀ ni pupa, pupa, pupa.
5. Kàpásítọ̀ tí a kọ 221 sí: 2.
6. Kàpásítọ̀ tí a kọ 104 sí: 1.
7. Kàpásítọ̀ tí a kọ 47 sí: 2.
8. Díódù rédíò, irú OA90: 1.
9. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì: 4, kí a tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn.

BÍ A TI Ń TÒ Ó

Tíránsítọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: bésì, ẹ́mítà àti kọ́lẹ́tọ̀. Wọn kì í tò bákan náà lára gbogbo tíránsítọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi hàn yín kí ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́.

Èkíní: ẹ so kọ́lẹ́tọ̀ mọ́ orí bátìrì, níbi tí àmì + wà.

Èkejì: ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 47,000 kan so + mọ́ bésì. Ẹ fi èkejì rẹ̀ so bésì mọ́ ìdí bátìrì, níbi tí àmì − wà.

Ẹ̀kẹta: ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 2,200 kan so ẹ́mítà mọ́ −.

Ẹ̀kẹrin: ẹ fi kàpásítọ̀ 221 kan so bésì mọ́ ẹ́mítà. Ẹ fi èkejì so ẹ́mítà mọ́ −.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ so quartz láti bésì sí −.

Ẹ̀kẹfà: ẹ so kàpásítọ̀ 104 láti + sí −, kí ó súnmọ́ tíránsítọ̀.

Kí gbogbo wáyà kúrú. Wáyà gígùn a máa da ìgbì rú.

BÍ A TI Ń DÁN AN WÒ

Ẹ tan rédíò mìíràn tó ní ìgbì kúkúrú, ẹ gbé e sítòsí. Ẹ yí i lọ sí 10, èyí tí í ṣe 10,000 kílóhẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sílétọ̀ 5000 a máa dún díẹ̀ ní ìlọ́po rẹ̀, ní 10,000 àti 15,000. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ariwo ṣààà yóò dákẹ́ lójijì ní ojú kan. Ẹ yọ bátìrì kan. Bí ariwo bá padà, ọ̀sílétọ̀ yín ni ẹ ń gbọ́. Bí kò bá sí àyípadà kankan, ẹ tún ẹsẹ̀ tíránsítọ̀ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti sábà máa ń wáyé.

BÍ A TI Ń SO Ó MỌ́ RÉDÍÒ

Ẹ ṣí ẹ̀yìn rédíò ìgbì àárín. Ẹ óò rí ọ̀pá dúdú kan tí wáyà wé mọ́ lára. Ẹ fi wáyà tó ní aṣọ wé ọ̀pá náà ní ìgbà 15. Ẹ so orí wáyà kan mọ́ −, ẹ so díódù mọ́ orí kejì. Ibi tí ẹsẹ̀ kejì díódù wà ni ìpàdé. Ẹ fi kàpásítọ̀ 47 kan so ẹ́mítà mọ́ ìpàdé. Ẹ fi èkejì so wáyà eríálì mọ́ ọn. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 2,200 tó kù so ìpàdé mọ́ −. Kí eríálì tó mítà 10, kí ó ga kúrò nílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí òkúta kọ̀ọ̀kan lè gbọ́, bí bọ́tìnì ìgbì àárín bá lọ láti 530 dé 1600:

Òkúta 4.000: láti 4530 dé 5600.
Òkúta 5.000: láti 5530 dé 6600.
Òkúta 8.000: láti 8530 dé 9600.

Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè a máa pọ̀ láàárín 5900 sí 6200, àti láti 9400 lọ sókè.

Ẹ má rò pé ohùn kò ní sún rárá. Ọ̀sílétọ̀ inú rédíò yín ṣì ń sún díẹ̀. Àmọ́ ní 1050, nọ́ńbà rẹ̀ ni 1505, kì í ṣe 6505 mọ́. Nítorí náà sísún rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ lè gbọ́ ìkéde parí.

Bí ilé iṣẹ́ ìgbì àárín kan bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ yí rédíò sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ìgbì ìsàlẹ̀ náà lè wọlé: 5000 yọ 3950, ó ku 1050. Alátùn-únṣe lè fi kọ́ìlì dí i.

Ẹ ṢỌ́RA

Bátìrì nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ yìí mọ́ iná ilé. Bí ẹ bá ń wá quartz nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ẹ jẹ́ kí alátùn-únṣe ṣí i, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ eríálì kúrò lára rédíò kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÓ Ń KÀWÉ PỌ̀

1. Kí ló ń mú kí ohùn rédíò sá?
2. Òkúta yín jẹ́ 5.000. Ẹ fẹ́ gbọ́ 6090. Nọ́ńbà wo ni ẹ óò yí bọ́tìnì sí?
3. Òkúta yín jẹ́ 8.000. Bọ́tìnì wà ní 1500. Nọ́ńbà wo ni ẹ ń gbọ́?
4. Kí ni ẹ óò ṣe sí eríálì bí òjò bá ṣú?

Ìdáhùn ìbéèrè 2: 1090. Ìdáhùn ìbéèrè 3: 9500.