Ọ̀wẹ̀ Àwọn Ọ̀dọ́ Kí Òjò Tó Dé

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ sí ìlú Ìbàdàn. Odò kún bo afárá, ó wó ilé, ó sì gbé ọkọ̀ lọ. Àwọn tó bá omi náà lọ lé ní 100. Ìyẹn kọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn àgbà tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò sì dá kún un. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tó ń fa omíyalé, gọ́tà tó dí ni ọwọ́ àwọn ará àdúgbò tètè lè tó. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ìjọ, àti sí ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹ ń darí wọn.

Láyé ìjọba ológun, láàárín ọdún 1984 sí 1985, ìbẹ̀rù ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn jáde wá tún àyíká ṣe. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ọlọ́pàá ló ń bẹ̀rù, ọjọ́ tí ọlọ́pàá ò bá sí, ọkọ́ rẹ̀ á wà nínú yàrá.

Ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba wa ń ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ ro oko ńlá á ké sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna rẹ̀. Wọ́n á péjọ, wọ́n á ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tó pè wọ́n á sì bọ́ wọn yó. Kò sẹ́ni tó ń gba owó iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ náà ní ibi tó parí sí, ẹni tó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe àwọn ọ̀dọ́ lónìí? A óò kéde pé kí wọ́n jáde, àwa àgbà á sì gba ilé lọ. Lójú tiwa, àìsí àgbà níbi iṣẹ́ ló ń lé wọn sá ju ọ̀lẹ lọ.

Oṣù kejì ọdún ló dáa jù fún iṣẹ́ náà, torí òjò kì í tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká, kí wọ́n mọ ibi tí gọ́tà ti dí. Ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń ṣàn lọ, ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀; bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ á kàn lọ dúró níwájú ni. Ohun tó sì ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ẹrẹ̀ tí wọ́n ń kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Òjò kan ṣoṣo ló máa dá a padà sínú rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn àgbà ìjọ ti bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, tàbí kí wọ́n dáwó jọ, kí ọkọ̀ tó máa kó o lọ lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ gọ́tà láìsí bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, torí àfọ́kù ìgò, àti nítorí àrùn tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi. Odò ńlá kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn; ìjọba ló ni katapílà.

Kí wọ́n má sì parí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì o! Kí wọ́n ké sí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí tó wà ládùúgbò, torí gọ́tà kan náà ló gba iwájú gbogbo wa kọjá. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, kí wọ́n jọ padà lọ wo ibi tí omi ṣì ń dúró sí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.