Ṣé O Mọ̀ Pé Erékùṣù Kan Sún Mọ́ Èkó Ju Kánò Lọ?

Sún mọ́ mi díẹ̀. Mú àwòrán ayé wá, kí o mú rúlà dání, kí o má baà ní mo ń tàn ọ́.

Láti Èkó dé Kánò, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, ó lé ní 800 kìlómítà. Láti Èkó dé São Tomé, lójú òkun, kò tó 800!

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn òyìnbó ń jókòó nínú ọkọ̀ òfúrufú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láti Lisbon kí wọ́n tó lè débẹ̀ ṣe fàájì. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà.

São Tomé kò dá wà. Èkejì rẹ̀ ń jẹ́ Príncipe, àwọn méjèèjì ló sì di orílẹ̀-èdè olómìnira kan ṣoṣo ní 1975. Da ilẹ̀ wọn pọ̀, kò ju nǹkan bíi 1,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ní gbogbo Áfíríkà, Seychelles nìkan ló kéré jù wọ́n lọ.

Èèyàn ibẹ̀ ńkọ́? Wọn ò tó 250,000. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan fi ìlọ́po ìlọ́po jù wọ́n lọ!

Ó dáa, o ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Forí lé gúúsù São Tomé. Òkúta kan dá dúró láàárín igbó ọ̀pẹ níbẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Pico Cão Grande ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni Òkè Ajá Ńlá ní èdè Potogí. Lójú tèmi, ìka ló jọ, ìka tó ń nà sí ọ̀run.

Láti ìdí dé orí, ó lé ní 300 mítà. O mọ Ilé Kòkó n'Ìbàdàn, àbí o ò mọ̀ ọ́n? Kó mẹ́ta irú rẹ̀ lé ara wọn lórí. Ìgbà yẹn lo tó ń bá Ajá Ńlá sọ̀rọ̀!

Àwọn kan sì máa ń fi okùn gùn ún. Ìkùukùu bò ó, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá, ejò sì ń gbé inú pàlàpálá rẹ̀.

Ejò mà ni mo sọ yẹn. Ejò dúdú kan wà ní São Tomé tí àwọn èèyàn ti máa ń sọ pé àwọn Potogí ló gbé e wá láti ilẹ̀ mìíràn. Ní 2017 ni àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Irọ́ ni! Ejò yẹn kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Ọmọ onílẹ̀ ni.

Dúró, mi ò tíì dé ibi tó dùn.

Gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ nínú igbó São Tomé, o lè rí nǹkan kan tó gùn gbọọrọ, tó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Wọ́n ń pè é ní cobra bobo. Ejò kọ́. Ekòló kọ́. Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni! Kò lẹ́sẹ̀, kò lápá, síbẹ̀ ìdílé ọ̀pọ̀lọ́ ló ti wá.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀pọ̀lọ́ àti ìbátan rẹ̀ ni kì í sì í lè gbé inú omi iyọ̀. Erékùṣù yìí kò so mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà rí láti ọjọ́ tí iná ti tú u jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Báwo ni wọ́n ṣe kọjá? Rò ó wò ná.

Ẹyẹ ibẹ̀ tún yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ó lé ní irú 25 tí kò sí níbòmíràn láyé. Ibis tó kéré jù lágbàáyé, ibẹ̀ ló wà. Sunbird, ẹyẹ tíntínní tó ń fi ẹnu gígùn fa oje òdòdó, èyí tó tóbi jù lágbàáyé, ibẹ̀ náà ló wà. Èyí tó yẹ kó tóbi ló kéré, èyí tó yẹ kó kéré ló tóbi!

Òdòdó ńkọ́? Begonia tí àwọn òyìnbó ń gbìn sínú ìkòkò lójú fèrèsé, irú kan wà nínú igbó São Tomé tó ń ga tó mítà mẹ́ta. Abẹ́ rẹ̀ lo máa gbà kọjá.

Ní Príncipe, gbé ojú sókè. Odídẹrẹ́! Kì í ṣe ẹyọ kan nínú àgò. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń fò, ariwo wọn gba igbó kan, pẹ̀lú ìkóódẹ pupa lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá mọ iye tí ìkóódẹ kan ṣoṣo jẹ́ lára adé ọba nílẹ̀ wa, yóò dúró síbẹ̀ wò wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Jẹ́ ká lọ sí etí òkun.

Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, àbùùbùtán ń wá bímọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ibẹ̀. Gbọ́ orúkọ tí àwọn baba wa fún ẹran òkun náà: a bù ú, bù ú, a ò lè bù ú tán. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni wọ́n fi ń gbé àlejò lọ wò wọ́n. Àbùùbùtán kan lè wúwo tó 30 tọ́ọ̀nù. Ìyẹn ni 600 àpò sìmẹ́ńtì, ẹrù odindi tírélà kan. Wàyí o, fojú inú wo tírélà náà pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, kó fò sókè gbàùà láti inú omi, níwájú rẹ, kó tún já padà!

Bí ọkàn rẹ kò bá gba tírélà, lọ sí Lagoa Azul. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé o lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Igi oṣè dúró yí i ká. Bojú bọ omi, kí o máa wo ẹja.

Tàbí kí o lọ sí Boca do Inferno. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹnu Ọ̀run Àpáàdì. Ìgbì òkun á rọ́ wọ inú ihò òkúta dúdú, gbogbo nǹkan á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà omi á tú jáde lókè fòò, funfun báláú! Má sún mọ́ ọn jù o.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, etí òkun Praia Jalé ni kí o wà. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin. Èyí tó tóbi jù nínú wọn lè ju 500 kílò lọ. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá nìyẹn, tó ń fi àyà wọ́ lórí yanrìn!

Wọn ò ní jẹ́ kí o tan tọ́ọ̀ṣì funfun sí i lójú. Nínú òkùnkùn lo máa gbọ́ ọ kí o tó rí i: ó ń mí kíkankíkan bí àgbà tó ru ẹrù gòkè. Yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa yanrìn, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́, títí kòtò á fi jìn. Ẹyin rẹ̀ lè tó 100. Ó funfun, ó rí rogodo. Yóò bo kòtò, yóò padà sínú òkun, kò sì ní bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ṣé o mọ ohun tó ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ akọ tàbí abo? Yanrìn! Tí yanrìn bá gbóná gan-an, abo ni wọ́n ń yọ. Tó bá tutù díẹ̀, akọ ni.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ìlà agbedeméjì ayé!

Erékùṣù kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ São Tomé, Ilhéu das Rolas. Ìlà tó pín ayé sí méjì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ojú omi á gbé ọ débẹ̀, o óò rìn gòkè díẹ̀, o óò sì bá àwòrán ayé tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fi ẹsẹ̀ kan sí ìhín, ìlàjì ayé tòkè nìyẹn. Fi èkejì sí ọ̀hún, ìlàjì ayé tìsàlẹ̀. Ìwọ nìyẹn, o la ẹsẹ̀ lé gbogbo ayé lórí!

Bó bá jẹ́ nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹta lo lọ, dúró di ọ̀sán gangan. Oòrùn á wà ní àtàrí rẹ géérégé. Wá òjìji rẹ. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ló sá sí.

Ṣé o rò pé ó tán? Ọkọ̀ òfúrufú kékeré láti São Tomé, ó dín ní wákàtí kan, o ti dé Príncipe. Oko kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Roça Sundy. Èmi gbà pé kò sí oko mìíràn láyé tó bá a dọ́gba, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 1919, Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ awòràwọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sí oko náà. Einstein ti sọ pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń tẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá. Òṣùpá yóò bo oòrùn lójú lọ́jọ́ náà, ọ̀sán yóò di òru fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn nìkan ni wọ́n ní láti fi rí i!

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Òjò ńlá! Ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run. Ó di ọ̀sán kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí yọjú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò mẹ́rìndínlógún, àwọn díẹ̀ péré ló wúlò nínú wọn. Àwọn díẹ̀ yẹn, pẹ̀lú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yà ní Brazil, ni wọ́n gbé síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní London nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ìmọ́lẹ̀ náà tẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ayé sì gbọ́ orúkọ Einstein.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé Eddington fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wo oòrùn náà rárá! Gíláàsì fọ́tò ló ń pààrọ̀. Ó gbójú sókè fìrí, ó tún tẹrí bá.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run kò tíì tán ní Príncipe. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé òfúrufú níbi tí ayé ti ń yí nísàlẹ̀. 2002 ló lọ. Nígbà tó padà wálẹ̀, ibo ló wá ná owó rẹ̀ sí, sí ilé ìtura àti ìtọ́jú igbó? Príncipe!

Ebi ti ń pa ọ́, mo mọ̀. Jókòó kí wọ́n bu calulu fún ọ. Epo pupa wà nínú rẹ̀. Ẹja yíyan wà nínú rẹ̀. Ilá ńkọ́? Ó wà. Ikàn ńkọ́? Ó wà. Ewébẹ̀ oríṣiríṣi wà níbẹ̀. O ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Etí rẹ náà á gbádùn. Wọ́n ń sọ èdè kan tó ń jẹ́ Forro. Ó dà bíi Potogí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè bá èdè Ẹ̀dó, èdè àwọn ará Benin wa yìí, nínú rẹ̀! Tí o bá ń kánjú, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ, wọ́n á ní: leve-leve. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń wí.

Wàyí o, mo ti fi ọ̀kan pamọ́ fún ọ láti àárọ̀.

Kòkó! Láti Brazil ni wọ́n ti gbé e wá sí Príncipe ní nǹkan bí ọdún 1822. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko lónìí. Láti Fernando Po ló wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1874. Kò pẹ́ sí i, oníṣòwò ará Èkó kan, J.P.L. Davies, ti gbìn ín sí oko rẹ̀ lẹ́bàá Agége. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n. Owó kòkó ló kọ́ Ilé Kòkó tí mo ní kí o kó lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Alájà 26, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, São Tomé àti Príncipe, erékùṣù tíntínní méjì yìí, wà lára àwọn tó ń kó kòkó jù lọ lágbàáyé. Àwọn oko ńlá ibẹ̀ ní ilé ìwòsàn tiwọn, wọ́n ní ojú irin tiwọn! Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó láti Àǹgólà ló ṣe iṣẹ́ náà, wọn ò lè kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò padà sílé mọ́. Ní 1909, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ò ra kòkó São Tomé mọ́. Bí o bá sùn nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé oko àtijọ́ yẹn, tí wọ́n ti sọ di ilé ìtura báyìí, rìn dé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Nínú ìlú São Tomé, ará Ítálì kan, Claudio Corallo, ń ṣe ṣokoléètì láti inú oko títí dé orí tábìlì. Ó ní ọ̀kan tó jẹ́ kòkó 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ṣúgà. Kò sí mílíìkì. Wọ́n á kán díẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, kékeré bí èékánná.

Má rún un o. Gbé e sórí ahọ́n, pa ẹnu dé, jẹ́ kó yọ́.