Òkúta tí Òkun Fi Sílẹ̀

Àwa tí a dàgbà létí òkun Ìlàjẹ, ní agbègbè Zion Pepe, mọ ilẹ̀ tí kò ní òkúta. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni tiwa. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wa, pákó sì ni afárá wa. Nítorí náà ni a ṣe wádìí ibi tí òkúta ojú ọ̀nà ti ń wá.

Irú méjì ni ó wà. Èkíní ni àpáta líle, bí èyí tí ó yí Ìdànrè ká. Èkejì ni òkúta ẹfun, tí ó rọ̀ jù ú lọ. Ewékorò, lọ́nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ni ó lókìkí fún un nílẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960.

Báwo ni a ti ń wà á? A ó kọ́kọ́ ṣán igbó, a ó sì kó erùpẹ̀ òkè kúrò. Lẹ́yìn èyí, a ó fi ẹ̀rọ lu ihò sínú òkúta, a ó sì ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́. Bí fèrè bá dún, olúkúlùkù a sá sí ibi ààbò. Ẹ̀rọ ni yóò rún èyí tí ó bá fọ́, asẹ́ a sì yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ńlá ni a ń tẹ́ sísàlẹ̀ ọ̀nà, àwọn wẹ́wẹ́ a tẹ̀lé e, ẹ̀rọ wíwúwo a sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí a bá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, tí a sun ún nínú iná ńlá, a di sìmẹ́ńtì.

Ṣùgbọ́n orísun rẹ̀ ni ó yà wá lẹ́nu jùlọ. Ní ohun tí ó lé ní 50,000,000 ọdún sẹ́yìn, òkun ni ó bo Ewékorò. Ìkarahun àwọn ẹran omi rì sísàlẹ̀, wọ́n kó jọ, wọ́n sì di òkúta. Ẹni tí ó bá ṣiyèméjì, kí ó gún ìkarahun ìṣáwùrú, kí ó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i: yóò hó. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí òkúta ẹfun tí a gún: yóò hó bákan náà. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ọmọ Ìlàjẹ mọ ohun tí òkun ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ní Ayétòrò, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ pé ó ń fi nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí a má tàn wọ́n jẹ: ó pẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀, kò sì pẹ́ kí a tó wà á tán. Kòtò tí a gbẹ́ lónìí, òkúta kì yóò tún kún un lójú ayé wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá la ọ̀nà wá sórí ẹrẹ̀ wa kò gbọdọ̀ dín òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù; òjò ni yóò ba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́, a ó sì tún padà lọ wa òmíràn.