Àrọ̀ Nínú Àpótí Gíláàsì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, púpọ̀ nínú yín tí ń sin àrọ̀ a máa mú ọmọ ẹja mélòó kan wá sílé, kí àwọn ọmọdé lè máa wò wọ́n nínú àpótí gíláàsì. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹja tí ẹ mú wọlé.

Àrọ̀ yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus, lè gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ nínú odò, ìwọ̀n rẹ̀ sì lè tó 60 kílò. Irú èyí ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń jẹun dáadáa nínú adágún lè wọn kílò kan láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Àwọn kan a máa sọ pé ẹja kì í tóbi ju ibi tí a bá fi í sí lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí ó ti bàjẹ́ ni kì í jẹ́ kí ó dàgbà. Láti ara ẹja àti láti inú oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ni oró kan tí à ń pè ní amóníà ti ń jáde. Nínú odò Ògùn tàbí Ọ̀ṣun, omi a gbé e lọ. Nínú àpótí, ṣe ni yóò máa pọ̀ sí i. Ẹja mìíràn ì bá ti kú. Àrọ̀ kì í tètè kú, nítorí pé ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde. Nítorí náà ni ẹni tí ó ni ín fi ń rò pé ara rẹ̀ le, nígbà tí ó jẹ́ pé ìyà ni ó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àpótí tí ó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tí ó fẹ̀ ní 30, tí ó sì ga ní 30, kò lè gbà ju lítà 54 lọ. Àrọ̀ tí ó bá gùn tó àpótí náà kò ní lè yí padà nínú rẹ̀. Táńkì símẹ́ńtì tí gbogbo ìhà rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan ń gba lítà 1,000.

Ẹ má ṣe kó ńlá àti kékeré pọ̀, nítorí pé àrọ̀ a máa gbé ọmọnìkejì rẹ̀ mì. Bí mẹ́fà bá di mẹ́rin, ẹ má ṣe wá olè níta. Ẹ fi àwọ̀n bo àpótí náà pẹ̀lú, nítorí pé ó lè jáde lóru kí ó sì máa wọ́ kiri nílẹ̀.

Ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi náà lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì; bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, kí ó ti wà nínú garawa tí a ṣí sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Nígbà tí ẹja náà bá ti gùn tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé e lọ sí adágún tàbí táńkì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ya táńkì kan sọ́tọ̀ fún irú ẹja bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa sọ ẹja lórúkọ, èyí tí ó bá sì ti lórúkọ ṣòro láti sè. Ẹ tètè sọ fún wọn pé kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ má ṣe dà á sínú odò, pàápàá bí ó bá jẹ́ àdàmọ̀dì ẹja tàbí ẹja ilẹ̀ òkèèrè. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni a kó àrọ̀ Áfíríkà lọ sí Bùràsílì fún ọ̀sìn. Ó sá kúrò nínú adágún, ó bọ́ sínú odò wọn, ó sì ń jẹ ẹja ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àyè fún un mọ́, kí ó fún aládùúgbò tí ó ní adágún, tàbí kí ó fi í se ọbẹ̀.